Ìyá Onírọ́bà Tó Fẹ́ Wẹ Ọmọ Mi

Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tí ẹ dé Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò á sáré bo mọ́tò yín bí eṣú. Ẹ má rà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ o. Ẹ ní Ìyá Onírọ́bà lẹ fẹ́. Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ẹfúnkẹ́ lorúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, àmọ́ àwọn àgbà ìjọ nìkan ló ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù tó ń ta dòdò máa ń ta ẹnu ọ̀rá tiwọn ní kókó ni. Ìyá ọkọ mi kórìíra kókó. Wọ́n ní oníbàárà á fi eyín ja á, dòdò á dà sílẹ̀ nínú mọ́tò, á wá máa bú ìyá ẹni tó dín in. Rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń di irun ọmọdé ni wọ́n fi ń so tiwọn, rọ́bà yẹn sì máa ń kún ọrùn ọwọ́ òsì wọn bí ẹ̀gbà. Wọ́n ń dáná, ó wà ńbẹ̀. Wọ́n ń gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà ńbẹ̀. Àlùfáà ìjọ wa ti sọ ọ́ títí, ó ti sú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ dòdò Ìkirè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé èyí tí ẹ ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú òróró nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n là ń wá, èyí tí èèpo ẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíì á ti fẹ́ dà nù. A ó bó o, a ó gún un mọ́ ata gbígbẹ àti iyọ̀, a ó dín in nínú epo pupa títí á fi máa dán. Á pupa níbí, á dúdú lọ́hùn-ún. Ẹ mú àwọ̀ yẹn lọ́kàn o, torí àwọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ wa.

Èmi ni Títílọlá. Ọmọ Àpòmù ni mí, mo sì ka ìwé mẹ́wàá tán kí n tó kọ́ṣẹ́ télọ̀. Àpòmù sí Ìkirè ò jìnnà. Bí wọ́n bá ń dín ẹja l'Àpòmù, àwọn ará Ìkirè á ti máa wá ẹ̀bà. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Akíndèjì, "ọmọ Àpòmù" ni ìyá ẹ̀ ń pè mí tí mo bá ti ṣe ohun tí ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí mo bá ṣe dáadáa, mo di "ìyàwó mi". Ẹ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kí ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí àwọn ìyàwó ilé ń bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì, gba igbá lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi, ti rọ́bà ti rọ́bà lọ́wọ́. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Ẹsẹ̀ ni mo fọ̀ lónìí o," wọ́n ní. "Ọmọ ló kù tí mo máa wẹ̀."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọn ò fi ṣàwàdà rárá. Akíndèjì nìkan lọmọ tó dúró fún wọn. Gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò ló ti wẹ ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ti fà á lápá, tí wọ́n ti jù ú sókè, tí wọ́n ti fi òrí pa á lára. Àwọn nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Fáìsátù tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní títì, kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

"Ẹfúnkẹ́, bí o ṣe ń pò ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ṣé bí o ṣe máa fọwọ́ pa ọmọ lára nìyẹn? O máa fọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni!"

"Ṣáà wò mí," Mọ́mì á ní. "Bó bá délẹ̀, wàá wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Bí mo ṣe lóyún nìyẹn, ayọ̀ sì kún ilé. Àmọ́ bí ikùn tèmi ṣe ń yọ ni agbára Mọ́mì ń relẹ̀. Wọ́n á dúró ti agbada díẹ̀, wọ́n á jókòó. Ẹsẹ̀ wọn á wú nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Ìyá Fáìsátù pé ìgbẹ́ àwọn ti ń dúdú bí ọ̀dà.

Ìyá Fáìsátù bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́? Dòdò! Kí lo wá fẹ́ kó jẹ́, kó funfun bí ẹ̀kọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni o."

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ta ló sì ń jẹ dídùn tó ẹ n'Ìkirè? Màá bá ẹ ra àgbo."

Àbí ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹni tó bá ń dín dòdò gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò, dòdò dúdú, ìgbẹ́ náà dúdú, ó parí. Àwa tá a bí síbí, tá a dàgbà síbí, kò sẹ́ni tí ì bá rò ó lọ́nà mìíì. Mọ́mì ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀ àti lálẹ́, láti inú ìgò kan tó ń ta sánsán.

Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ àwa onígbàgbọ́, wọlé. Bí ẹ bá mọ Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé wọn ò fi Lẹ́ńtì ṣeré. Àwọn kan á yẹra fún ẹran, àwọn kan á yẹra fún ọtí. Dòdò ni tiwọn. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde, wọ́n á máa dín in, wọ́n á máa tà á, wọn ò ní fi kan ahọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bá àwọn tọ́ iyọ̀ wò, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi nínú. Aboyún tí wọ́n ní kó máa tọ́ dòdò wò, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́?

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, oòrùn ti yọ, mọ́tò ti ń dúró. Mọ́mì ń so ọ̀rá, èmi ń tò ó sórí àtẹ. Wọ́n ṣàdédé fọwọ́ di àyà mú. Wọ́n ní èébì ń gbé àwọn. Kí n tó gbé abọ́ débẹ̀, ó ti jáde. Ó pupa. Ó ki. Ó pọ̀ débi pé ó ya gba ẹ̀gbẹ́ títì.

Àwọn èèyàn pé lé wa lórí.

"Dòdò ló bì!" ẹnì kan ní. "Ẹ ò rí epo ni?"

"Epo náà ni kẹ́ ẹ tún fún un mu," Ìyá Fáìsátù ń pariwo, ó ti ń yọ epo pupa nínú garawa tá a fi ń dín dòdò. "Bó bá ṣe májèlé ni, epo á pa á. Ẹfúnkẹ́, lanu!"

Mọ́mì ti ife yẹn sẹ́yìn. Ètè wọn ti funfun. Èmi ni wọ́n dojú kọ, wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú yàrá la wà.

"Títí. Mi ò jẹ dòdò. Lẹ́ńtì la wà."

 Òótọ́ ni. Èmi tí mò ń tọ́ iyọ̀ wò ni mo jẹ dòdò. Kí wá ló pupa báyìí? Ìyá Fáìsátù wo ilẹ̀, ó wo ife epo ọwọ́ ẹ̀, ló bá ju ife nù.

"Ẹ̀jẹ̀!" ó ké. "Ẹ̀jẹ̀ ni! Rilwan! Rilwan dà?"

Rilwan ń wa takisí láti Ìkirè sí Ifẹ̀. Ó ti kó èrò sínú mọ́tò ẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ìyá mi ni," gbogbo èrò sì bọ́ọ́lẹ̀ láìjanpata, kódà bàbá kan tó ti ń sùn. A tẹ́ Mọ́mì sẹ́yìn, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, orí wọn wà lórí ìwọ̀nba itan tí ikùn mi fi sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Rilwan? Lọ́jọ́ mìíì, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó dí i lọ́nà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Comot for road! Mama dey inside!" A dé Gbọ̀ngán, Akíndèjì ti ń dúró níkòóríta, aṣọ wẹ́dà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ torí ibẹ̀ ló ti ń jórin. Mo ti pè é. Ó wo ìyá ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà, àmọ́ ó jókòó síwájú.

Mọ́mì ló ń sọ̀rọ̀. "Títí, ìgbẹ́ mi ò yéé dúdú láti ìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì jẹ dòdò. Báwo ni mi ò ṣe rò ó?"

"Mọ́mì, ẹ sinmi."

"Mi ò ní kú o. Ṣé o gbọ́ mi? Mi ò tíì wẹ ọmọ."

"Mo gbọ́ yín, Mọ́mì."

"Má wulẹ̀ máa sunkún sí mi lójú. Omi iyọ̀ ni, á ta mí lójú."

Bí a ṣe wọ ọsibítù ńlá ní Ifẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò fi falẹ̀. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ apá méjèèjì, wọ́n fa omi sí i, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ń wá irú ẹ̀jẹ̀ tó bá tiwọn mu. Dókítà obìnrin kan ló ṣíwájú wọn, Dókítà Fọláṣẹwà. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ohùn rẹ̀ ò ròkè, àmọ́ bó bá ti sọ ọ́, gbogbo wọn á sáré. Ó ní oògùn kan wà tí àwọn fẹ́ máa fi sínú omi yẹn, pé á mú kí ẹ̀jẹ̀ dẹ agbára tó fi ń tú jáde. Ó ní abẹ́rẹ́ mìíì wà tí ò ní jẹ́ kí kòkòrò ráyè wọ ara tó ti rẹ̀ yẹn. Ó ní bí ara bá ti gbé e díẹ̀, àwọn máa ki wáyà kan bọ ọ̀nà ọ̀fun, iná àti kámẹ́rà wà lórí ẹ̀, kí àwọn rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, kí àwọn sì dí i.

"Ṣé wọ́n máa yè é?" Akíndèjì bi í.

"Ẹ tètè gbé wọn wá," ó ní. "Ẹ ò sì da epo sí wọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Mo wo Akíndèjì. Mo rántí ife epo yẹn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí.

Wọ́n gbé wọn wọlé. Àwa ń dúró níta. Rilwan náà ò lọ, ó jókòó tì wá, ó ń rojọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé Ìyá Onírọ́bà ló wà nínú lọ́hùn-ún. Ìgbà tí dókítà jáde, ó ti ṣí ohun tó fi bo ẹnu, mo sì ti rí i lójú ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ti dá," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ti dá."

Ẹ wò ó, pẹ̀lú ikùn yẹn, mo fò sókè. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n jọ̀ọ́ kí n má bímọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ojú Mọ́mì ti mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí wọn lára ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà Fọláṣẹwà fa àga, ó jókòó tì wọ́n.

"Màmá, ẹ máa ń mutí?"

Háà! Bí ẹ bá rí bí Mọ́mì ṣe fẹ́ dìde pẹ̀lú omi tó wà lápá wọn! "Èmi? Ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ? Ọtí ò kan ẹnu mi rí láyé!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àgbo ńkọ́?"

"Ti jẹ̀díjẹ̀dí nìkan."

"Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

Mọ́mì wò mí. Èmi ń wo àjà. Ẹni tí imú ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi rẹ àgbo yẹn.

"Ṣé mo wá ti ń mutí látìgbà yẹn?" Mọ́mì béèrè, ohùn wọn ti relẹ̀. "Olúwa, ìwọ lo mọ ọkàn mi o."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọtí kọ́ ló kọ́kọ́ ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Kòkòrò kan ni, tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B, ó lè jẹ́ pé láti kékeré ló ti wọ ara, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń le. Àgbo tí èèyàn ò mọ ohun inú ẹ̀, àti oògùn ara ríro tí a kàn ń rà lẹ́nu ọ̀nà, tún dá kún un. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú méjèèjì.

"Màmá, bí tírélà bá ṣubú dí títì márosẹ̀ n'Ìkirè, ibo ni àwọn mọ́tò ń gbà?"

"Wọ́n á ya wọ ìlú," Mọ́mì ní. "Wọ́n á gba Àpòmù, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n á sì fọ́ gbogbo gọ́tà."

"Ẹ̀dọ̀ yín ni títì márosẹ̀. Ó ti le, ẹ̀jẹ̀ ò rí ibẹ̀ kọjá dáadáa. Ó wá ń ya gba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́nà ọ̀fun. Wọn ò kọ́ ìyẹn fún mọ́tò ńlá. Ó wú, ó wú, ọ̀kan bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá rọra ń jò sínú ikùn ló ń sọ ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Èyí tó tú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ bì."

"Ẹ wá fi kí ni dí i?"

"Rọ́bà ni."

Mọ́mì tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ fi kí ni so kí ni?"

"Rọ́bà kékeré báyìí. A fa ibi tó wú sókè, a tú rọ́bà sí i lọ́rùn, ó fún un pinpin, ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà gbà mọ́. Bó bá yá, ibẹ̀ á gbẹ, á já bọ́ fúnra ẹ̀."

Mọ́mì wo ọrùn ọwọ́ òsì wọn. Nọ́ọ̀sì ti bọ́ àwọn rọ́bà yẹn kúrò kó lè ráyè fi abẹ́rẹ́ sí i. Wọ́n wo dókítà padà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn wọn, ó ń mì bẹ́ẹ̀dì.

"Akíndèjì! Wọ́n ti ń so dòdò lọ́fun mi o!"

Dókítà ò mọ ìdí tí gbogbo wa fi ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Rilwan, tó wá kí wọn, sáré lọ gbé ọ̀rá dòdò kan tí wọ́n fi rọ́bà so wá láti inú mọ́tò.

Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú kí ọkàn máa rọra lù, kí agbára ẹ̀jẹ̀ má pọ̀ jù nínú àwọn iṣan yẹn, àti oògùn tó ń dá kòkòrò náà dúró. Ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa mu, kí ọ̀fun jiná. Wọ́n yẹ gbogbo wa wò. Tèmi mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún mi. Wọ́n bá kòkòrò náà lára Akíndèjì, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ ṣì rọ̀, ó ń lọ fún àyẹ̀wò bó ṣe yẹ. Kí nìdí tí mo fi ń sọ ọ́ síta? Torí ẹnì kan tó ń ka èyí ò tíì yẹ tiẹ̀ wò ni.

Dókítà wá sọ èyí tó le jù. Ó ní iṣan tó wú pọ̀ ju èyí tí àwọn so lọ. Mọ́mì gbọ́dọ̀ padà wá, kí àwọn so ìyókù, bóyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí gbogbo ẹ̀ á fi palẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíì á bẹ́, ó sì lè má rí bíi ti àkọ́kọ́.

A délé. Mọ́mì sinmi díẹ̀, ara wọn gbé pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá ṣe ń sún mọ́lé ni wọ́n ń yí ẹnu padà.

"Kí ni mo tún ń lọ ṣe? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Oyún ẹ ti tó oṣù ẹ̀. Bí mo bá wà n'Ifẹ̀ tí ọmọ dé ńkọ́? Ìyá ẹ á sáré ti Àpòmù wá, á ti wẹ̀ ẹ́ kí n tó dé."

Akíndèjì bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Àlùfáà bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ irú gbígbọ́ yẹn. Èmi ò bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ kejì, èmi ni mo dín dòdò. Mo tò ó sínú ọ̀rá, mo fi rọ́bà so díẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀ gbayawu, mo gbé àtẹ kalẹ̀ níwájú wọn gan-an.

"Ìwọ ọmọ Àpòmù!" Wọ́n ti pariwo kí n tó nàró. "Kí nìyí? O so díẹ̀, o fi ìyókù sílẹ̀ fún èèrà?"

"Mọ́mì, èyí tí mo so ti tó."

"Ó tó báwo?"

"Èèrà ò tíì dé. Bó bá dé, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

  Wọ́n wo àtẹ yẹn, wọ́n wò mí, ọwọ́ wọn sì lọ sí ọ̀fun. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ rọ́bà kan lọ́wọ́, wọ́n fi so ọ̀rá tó wà níwájú, wọ́n so èkejì, wọ́n ń so ó lọ.

"Sọ fún Rilwan kó wá gbé mi lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Ọmọ burúkú."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì."

"Ọmọ burúkú ni mo pè ẹ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ. Ìyá Fáìsátù ti gbọ́ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ibi, àmọ́ ó sọ ọ́: "Irú àìsàn yẹn, ṣé èèyàn á fi gbé ọmọ tuntun?" Ọ̀rọ̀ náà dé Àpòmù kí n tó délé. Ìyá tó bí mi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kò sóhun tó kan àwọn, ìyá ọkọ mi ò ní wẹ ọmọ yẹn. Mo ní dókítà ti sọ pé kì í ràn báyìí. Wọ́n ní dókítà ò bímọ fún mi. Mi ò sọ fún Mọ́mì. Mo rò pé wọn ò mọ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Rilwan ti dé lówùúrọ̀, Akíndèjì ti wọṣọ. Bí mo ṣe ní kí n bá wọn gbé báàgì, inú mi fún pọ̀. Mo di ògiri mú. Mọ́mì rí mi, wọ́n sì ju ìborùn sílẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́."

"Mọ́mì, ẹ lọ."

"Ọmọ ń bọ̀! Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa wẹ̀ ẹ́," mo ní. Ìrora yẹn ti tún dé, eyín mi ń gbá ara. "Á máa dọ̀tí dè yín. Ẹ lọ!"

Mọ́mì dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún. Ìyá Fáìsátù ti gbọ́ ariwo, ó ti dé.

"Akíndèjì, tẹ̀lé ìyàwó ẹ," Mọ́mì ní. "Ìyá Fáìsátù, wọ mọ́tò. Ìwọ lo máa mú mi lọ."

"Èmi? Ta ni yóò bá mi ta omi?"

"Omi ò ní gbẹ. Wọlé!"

Bí Rilwan ṣe gbé gbogbo wa nìyẹn. Ó já èmi àti Akíndèjì sí ọsibítù tí mo forúkọ sí n'Ìkirè, ó gbé àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn lọ sí Ifẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn jà nínú mọ́tò títí ó fi yà.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Ìmọ́lẹ̀ ọmọ mi fi dé. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọmọ tó pupa bẹ́ẹ̀, tí irun ẹ̀ kún dé iwájú orí, tó ké bíi ti ìyá ọkọ mi gẹ́lẹ́! Nọ́ọ̀sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún mọ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò ẹ̀dọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kò sí wàhálà bí ìwẹ̀ bá dúró di ọ̀la.

Ìyá mi sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan náà tá a ti ọsibítù wọlé. Wọ́n gbé ọṣẹ, wọ́n gbé kànìnkànìn, wọ́n gbé òrí. Wọ́n ti ń gbé omi kaná.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," mo ní.

"De kí ni? Ọmọ ò gbọdọ̀ dúró báyìí, á máa rùn tó bá dàgbà."

"Ó ń de Mọ́mì."

"Títílọlá, mo ti bá ẹ sọ ọ́."

Omi hó, ó tutù. Wọ́n tún gbé e kaná, ó tún tutù. Akíndèjì rọra sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe. Ọmọ wà láyà mi, ẹnì kan ò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí a gbọ́ fèrè Rilwan níta, ohùn Ìyá Fáìsátù ló kọ́kọ́ wọlé.

"Wọ́n ti so gbogbo èyí tó kù! Dókítà ní ó ń palẹ̀ dáadáa! Wọ́n ní á tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ dà? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mọ́mì wọlé tẹ̀lé e. Ó rẹ̀ wọ́n, ọ̀fun wọn há, àmọ́ wọ́n ń rìn fúnra wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi, àna kí àna. Wọ́n rí omi tó wà nílẹ̀. Wọ́n rí kànìnkànìn lọ́wọ́ ìyá mi. Wọn ò sún mọ́ ọmọ. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

 Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá Fáìsátù ló fọhùn.

"Ìyá Títí, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn, èmi náà ni màá parí ẹ̀. Mo bi dókítà lójúkojú. Mo ní, ṣé ẹni tó ní kòkòrò yìí lè wẹ ọmọ? Ó ní kì í gba ara kíkàn ràn, kì í gba oúnjẹ ràn, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, kí ìyá má ṣá ti ní egbò lọ́wọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ń dáàbò bò ó. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ́ bínú sí mi. Mo sì yẹ ọwọ́ Ẹfúnkẹ́ wò nínú mọ́tò, ìka ìka. Kò sí egbò kankan."

"O yẹ ọwọ́ mi wò?" Mọ́mì ní. "Mo rò pé o ń dì mí mú kí n má ṣubú ni!"

Rilwan bú sẹ́rìn-ín níta. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, wọn ò fẹ́, àmọ́ ó ti jáde. Wọ́n wo Mọ́mì láti òkè délẹ̀, wọ́n sì na kànìnkànìn sí wọn.

"Ẹ gbà, Ìyá Akíndèjì. Omi yìí ti tutù nítorí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ n gbé òmíì kaná."

Mọ́mì jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀. Mo gbé Ìmọ́lẹ̀ lé wọn lórí itan. Wọ́n ti fẹ́ bu omi, wọ́n dúró, wọ́n wo ọrùn ọwọ́ òsì wọn. Wọ́n bọ́ àwọn rọ́bà yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kó má baà ha ọmọ lára, èmi tí mò ń gbé ilé wọn ò sì rí ọwọ́ yẹn lófìfo rí àfi ní ọsibítù.

"Gbà, ìyàwó mi," wọ́n ní. "Bá mi mú un dání. Ti inú ọ̀fun mi tó mi lónìí."

Wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n dà á sí ọmọ láyà. Ìmọ́lẹ̀ figbe ta, igbe náà dé títì, mọ́tò kan tó ń kọjá sì fun fèrè dá a lóhùn.

"Ké dáadáa," Mọ́mì ń sọ fún un, wọ́n ti fà á lápá ọ̀tún, wọ́n ti fà á lápá òsì. "Ké kí ìyá Àpòmù gbọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́."